Kọ́fáàtì àdúgbò wa wó, ìwé owó ilé sì dé: ta ni kí á kọ̀wé sí ní ìjọba ìbílẹ̀?

Akọ̀wé Onílé

Mo kí gbogbo ẹ̀yin ará o. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò kan ní ìlú kan tí kò tóbi púpọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, n kò sì ní dárúkọ ìlú náà, nítorí pé ìmọ̀ràn ni mo ń wá, n kò wá ẹni tí n ó dójú tì. Láti òjò èṣí ni kọ́fáàtì (afárá kékeré tí omi ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá) tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà àdúgbò wa ti wó. Àgbàrá ni ó kọ́kọ́ gbá iyẹ̀pẹ̀ abẹ́ rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, títí ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ó kó bùlọ́ọ̀kù fi gba orí rẹ̀, tí apá òsì sì rì pátápátá. Láti ọjọ́ náà, mọ́tò kò wọ àdúgbò wa mọ́. Ọ̀kadà ni ó ń yọ́ kọjá lórí pákó méjì tí a tẹ́ síbẹ̀, ẹni tí ó bá sì ra sìmẹ́ǹtì tàbí tí ó fẹ́ kó ẹrù ọjà jáde ní láti san owó alábàárù láti ojú títì dé ilé. Ní oṣù tí ó kọjá, obìnrin kan rọbí lóru, orí àga ni àwọn ọ̀dọ́ fi gbé e dé ibi tí takisí dúró sí.

Ìgbà mẹ́ta ni a ti kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀. Alága ni a kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ sí, a kọ èkejì sí káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa, nígbà tí ó sì di ẹ̀ẹ̀kẹta a kò mọ ẹni tí a ó kọ ọ́ sí mọ́, ni a bá kàn kọ ọ́ sí “ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn”. Kò sí èsì kankan. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ọmọkùnrin méjì gbé ìwé owó tẹ́nẹ́mẹ́ǹtì, ìyẹn owó ilé, wá, wọ́n pín in láti ilé dé ilé, wọ́n sì fún wa ní ọjọ́ 14 láti san án. Ìpàdé tí a ṣe lórí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà. Àwọn kan ní a kò ní san kọ́bọ̀ títí kọ́fáàtì yóò fi dúró. Àwọn kan ní kí á dá owó jọ kí á ra páìpù, kí á tún un ṣe fúnra wa. Bàbá kan tí ó ti pẹ́ ní àdúgbò sì sọ pé ọ̀nà yẹn kì í tilẹ̀ ṣe ti ìjọba ìbílẹ̀, pé ti ìpínlẹ̀ ni, àti pé adití ni a ti ń bá sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ mọ bí nǹkan ṣe ń lọ ní ọ́fíìsì wọ̀nyẹn, ta ni ó ni iṣẹ́ yìí gan-an? Ọ̀nà wo ni lẹ́tà ń gbà tí ó fi ń sọnù? Ṣé ó sì bófin mu kí á di owó ilé mú?

Bàbá Fẹ̀yìntì

Akọ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Mo lo ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ ní iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ní iyàrá tí wọ́n ti ń gba lẹ́tà, kí wọ́n tó gbé mi lọ sí ẹ̀ka iṣẹ́ òde, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n mú ti lẹ́tà ṣáájú, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ ti ṣìnà.

Lẹ́tà tí ó bá dé ọ́fíìsì kì í lọ sọ́dọ̀ ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà. Iyàrá lẹ́tà ni ó kọ́kọ́ ń dé, níbi tí akọ̀wé kékeré yóò ti kọ ọ́ sínú ìwé ńlá, tí yóò fún un ní nọ́ńbà, tí yóò sì wá fáìlì tí yóò fi í sí. Lẹ́yìn náà ni fáìlì náà yóò gun orí tábìlì ọ̀gá àgbà àwọn òṣìṣẹ́, tí òun yóò fi báírò kọ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì sí ojú ìwé pé kí ẹ̀ka báyìí yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì yẹn ni gbogbo agbára tí lẹ́tà ní. Bí ọ̀gá bá kọ “kí ẹnjiníà lọ wò ó, kí ó sì jábọ̀”, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá kọ “kí á fi pamọ́”, lẹ́tà ti sùn nìyẹn. Èyí tí ẹ kọ sí “ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn” ni ó burú jù, nítorí pé ọmọ ọ́fíìsì kò mọ fáìlì tí yóò fi í sí, inú àpótí tí a ń kó ìkésíni ìgbéyàwó àti ìwé ìpolówó sí ni irú rẹ̀ ń sùn. Èyí tí ẹ kọ sí káńsẹ́lọ̀ náà kò bọ́ sí i tó bí ẹ ṣe rò. Ẹnu ni káńsẹ́lọ̀ ní, kò ní ọkọ̀ katapílà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dìde nínú ìpàdé ìgbìmọ̀ kí ó dárúkọ kọ́fáàtì yín, kí akọ̀wé ìgbìmọ̀ sì kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ ìpàdé. Nítorí náà ẹ̀dà ni ẹ ó fún un, kì í ṣe ojúlówó.

Ọ̀gá àgbà àwọn òṣìṣẹ́ ni kí ẹ kọ lẹ́tà sí, kí ẹ sì kọ sábẹ́ orúkọ rẹ̀ pé kí ẹnjiníà ẹ̀ka iṣẹ́ òde kíyè sí i. Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ ìgbà-lẹ́tà mọ́ èyí tí ẹ ó mú padà lọ́wọ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti nọ́ńbà. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀dà olóǹtẹ̀ kò tíì kọ̀wé ní ojú ọ́fíìsì, bí ó tilẹ̀ kọ ogún lẹ́tà. Kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ fi ìgbálẹ̀ gbá ẹnu kọ́fáàtì náà, kí ẹ fi téèpù wọn ìbú rẹ̀, gígùn rẹ̀ àti jíjìn rẹ̀, ẹ ya àwòrán rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti nígbà òjò, kí ẹ sì sọ iye ilé tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ àti bóyá ilé ìwé tàbí ilé ìwòsàn wà níbẹ̀. Ẹnjiníà tí ó ní mọ́tò kan ṣoṣo tí kò sì ní owó epo yóò kọ́kọ́ lọ sí ibi tí lẹ́tà ti là yékéyéké.

Ní ti ìgbà tí ẹ ó kọ ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ètò ìṣúná wa ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní, ó ń parí ní oṣù kejìlá. Kí ọdún tó parí ni ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ń kó iṣẹ́ tí ó fẹ́ ṣe lọ́dún tí ń bọ̀ jọ, nítorí náà lẹ́tà tí ó bá dé lẹ́yìn tí wọ́n ti ti ìwé pa yóò gbọ́ “ó di ọdún tí ń bọ̀”, irọ́ kọ́ sì ni wọ́n ń pa. Mo ti rí àdúgbò tí ó kọ̀wé lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹrin, tí inú bí wọn, tí wọ́n sì dákẹ́ ní oṣù kẹsàn-án tí ó yẹ kí wọ́n pariwo.

Bàbá tí ó ní ọ̀nà yẹn kì í ṣe ti ìjọba ìbílẹ̀ lè jàre o, ẹ má fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Ipele mẹ́ta ni a pín ọ̀nà sí ní Nàìjíríà: A jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, B jẹ́ ti ìpínlẹ̀, C jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀nà àárín àdúgbò sáàbà máa ń wà ní ipele C, ṣùgbọ́n bí kọ́fáàtì yín bá wà ní ibi tí ọ̀nà àdúgbò ti yà kúrò lára títì ńlá, ó lè jẹ́ pé inú ojú àgbàrá títì ńlá náà ni ó wà, ìjọba tí ó ni títì náà ni yóò sì tún un ṣe. Ẹ lọ sí ẹ̀ka iṣẹ́ òde, ẹ bi wọ́n léèrè. Wákàtí kan péré ni ìbéèrè yẹn yóò gbà yín, ó sì lè gbà yín lọ́wọ́ ọdún kan tí ẹ ó fi máa lu ìlẹ̀kùn tí kì í ṣe tiyín.

Ìyá Ẹlẹ́lùbọ́

Ẹ kú ìkíni o, ẹ̀yin bàbá. Èmi ń tajà ní ọjà, owó ìsọ̀ ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ tiwa, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn ń gbà wá. Akọ̀wé, àwọn ọmọkùnrin méjì tí ó pín ìwé yẹn, ṣé ẹ bèèrè káàdì wọn? Ní ọjà tiwa, a san owó fún àwọn kan fún bí oṣù mẹ́rin, wọ́n ń fún wa ní tíkẹ́ẹ̀tì pélébé aláwọ̀ ewé, kí á tó wá mọ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì náà kò sí nínú ìwé ọ́fíìsì. Ẹni tí ó gba iṣẹ́ agbowó lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n, ẹlòmíràn yẹn náà sì ti kúrò níbi iṣẹ́. Láti ìgbà náà, ìyálọ́jà wa kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi owó lé agbowó lọ́wọ́. Báńkì ni a ń san án sí, tàbí kí á gbé e lọ fún akápò ní ọ́fíìsì, kí á gba rìsíìtì tí ó ní nọ́ńbà. Bí agbowó bá bínú, ẹ jẹ́ kí ó bínú.

Ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ àwọn tí ó ní kí ẹ má san. Nígbà tí àwa náà ṣe é, ìsọ̀ ni wọ́n tì pa, ọjọ́ márùn-ún gbáko, èlùbọ́ mi sì hu. Àwọn tí wọ́n pariwo jù pé kí á má san ni wọ́n kọ́kọ́ yọ́ lọ san tiwọn lóru.

Olùkọ́ Òfin

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ìwé wí kún ti àwọn àgbà. Apá keje nínú Ìwé Òfin ọdún 1999 ni ó fi ìdí ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tí a dìbò yàn múlẹ̀, Àfikún Kẹrin ìwé náà sì ka iṣẹ́ wọn lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tí ó bá kà á yóò rí i pé iṣẹ́ ojoojúmọ́ ìlú ni ó pọ̀ jù níbẹ̀: ibi ìsìnkú, ibi tí a ti ń pa ẹran, ọjà, ibùdókọ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogboògbò, dída ìdọ̀tí nù, kíkọ orúkọ ọmọ tuntun àti ti òkú sílẹ̀, sísọ àdúgbò lórúkọ àti fífi nọ́ńbà sára ilé, títí kan ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ojú omi àti ọmọlanke. Ìlà kan sọ̀rọ̀ nípa ṣíṣe ọ̀nà, iná ojú pópó àti ojú àgbàrá àti títọ́jú wọn. Ìlà mìíràn nínú àfikún kan náà ni ó fún wọn láṣẹ láti díye lé ilé aládàáni kí wọ́n lè gba owó lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ ni ó ń pinnu irú owó tí ó yẹ kí ó jẹ́. Láti ibẹ̀ ni ẹ ti lè rí i pé àṣẹ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà àti owó ilé, kò sì sí ibi tí òfin ti so ọ̀kan mọ́ èkejì. Ẹni tí ó bá di owó ilé mú nítorí kọ́fáàtì ti fi ẹjọ́ tí ó lè jàre sílẹ̀, ó gbé èyí tí yóò jẹ̀bi dání. Bí iye tí wọ́n kọ sí ilé kan bá ti pọ̀ jù, bí àpẹẹrẹ bí wọ́n bá pe ilé oníyàrá mẹ́rin ní ilé alájà méjì, ẹ kọ̀wé lòdì sí iye náà kí ọjọ́ 14 tó pé. Ẹjọ́ tiyín nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ owó gan-an nìkan ni mo rò pé ó ń jẹ́ kí gbogbo wa bínú láìmọ ibi tí a ó da ìbínú náà kọ. Nínú owó tí ìjọba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń pín láti inú àpò àjọni orílẹ̀-èdè, ìdá 52.68 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti ìjọba àpapọ̀, 26.72 ni ti àwọn ìpínlẹ̀, 20.60 sì ni ti gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 774 pọ̀. Ṣùgbọ́n apá 162 Ìwé Òfin ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àkáǹtì kan tí òun àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ jọ ni, ibẹ̀ ni owó náà sì ń gbà kọjá. Owó oṣù àwọn olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti owó àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì wà lára ohun tí wọ́n ń yọ kí ìyókù tó dé ọ́fíìsì tí ẹ ń kọ lẹ́tà sí. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, àti pé ìjọba ìbílẹ̀ tí kò ní ìgbìmọ̀ tí a dìbò yàn kò lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ẹ má ṣe rò pé ìdájọ́ yẹn ti di sìmẹ́ǹtì lọ́nà yín. Owó tí ọ́fíìsì ń gbà fúnra rẹ̀, bí owó ilé àti owó ìsọ̀, kò pọ̀ tó ti òkè, ṣùgbọ́n òun ni owó tí ẹnikẹ́ni kò yọ nǹkan nínú rẹ̀ kí ó tó dé. Nítorí náà, nínú gbogbo owó tí ó ń wọ ilé yẹn, èyí tí ẹ̀yin ń san ni ẹ lè fi ẹnu gbọọrọ bi wọ́n léèrè rẹ̀.

Ọ̀nà tí ẹ ó sì gbà bi wọ́n ni Òfin Òmìnira Ìròyìn ọdún 2011. Ẹ kọ̀wé pé ẹ fẹ́ rí ojú ìwé ètò ìṣúná ọdún yìí tí ó sọ̀rọ̀ nípa ọ̀nà àti ojú àgbàrá ní wọ́ọ̀dù yín, òfin sì fún wọn ní ọjọ́ méje láti fèsì. Ẹ kò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ ẹ. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ ọ́ gbangba pé òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń sọ tẹ́lẹ̀ pé kò kàn wọ́n.

Ọmọ Ìlú ní Leeds

Ẹ kú iṣẹ́ o. Díẹ̀ ni tèmi. Níhìn-ín ní England, a ń san owó káńsù, ìyẹn owó ìjọba ìbílẹ̀, lórí ilé tí a ń gbé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ayálégbé ni ẹni bẹ́ẹ̀. Láti A dé H ni wọ́n pín ilé sí, iye tí ilé náà ì bá tà ní oṣù kẹrin ọdún 1991 ni wọ́n sì fi ń pín in títí di òní, èyí tí ó ń pa mí lẹ́rìn-ín nítorí pé ilé tí mo ń gbé kò tíì sí nígbà náà. Ẹni tí kò bá san án yóò gba ìwé ìpè sí kóòtù, kòtò tí ó wà níwájú ilé rẹ̀ kò sì ní gbà á sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó bá ọ̀rọ̀ ẹ̀dà olóǹtẹ̀ tí Bàbá sọ mu. Òfin ọ̀nà ọdún 1980 ti níhìn-ín gba káńsù láyè láti wí àwíjàre bí ọkọ̀ ẹnìkan bá bàjẹ́ nínú kòtò, pé àwọn ń yẹ ọ̀nà wò bí ó ti yẹ, pé àwọn kò mọ̀ pé kòtò náà wà. Bí ẹnìkan bá ti fi kòtò náà sùn tẹ́lẹ̀, tí ọjọ́ rẹ̀ sì wà ní àkọsílẹ̀, àwíjàre náà ṣòro fún wọn. Nítorí náà àwọn ènìyàn níhìn-ín kì í fi kòtò ṣe àríwísí lẹ́nu lásán, wọ́n ń fi í sùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń tọ́jú nọ́ńbà ìfisùn. Ẹ má wá rò pé kò sí kòtò níhìn-ín o.

Akọ̀wé Onílé

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ti lọ sí ọ́fíìsì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo sì fẹ́ jábọ̀ kí ọ̀rọ̀ má baà tutù. Ní ẹ̀ka iṣẹ́ òde, wọ́n fi ìwé hàn mí pé ọ̀nà wa wà ní ipele C, nítorí náà ìjọba ìbílẹ̀ ni a ń bá wí, bàbá wa sì ti gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Àwọn agbowó náà ní ìwé àṣẹ, ṣùgbọ́n akápò sọ pé báńkì nìkan ni kí á san án sí. Ilé méje nínú wa ni wọ́n kọ alájà méjì sí lórí ìwé tí wọn kò sì ní àjà kankan, a ó kọ̀wé lórí ìyẹn lọ́tọ̀.

Ìwé lẹ́tà ni ó yà mí lẹ́nu. Mo bẹ ọmọbìnrin tí ó wà níbẹ̀ pé kí ó bá mi wo ọjọ́ tí a kọ lẹ́tà àkọ́kọ́, ó sì rí i. Inú fáìlì “Ẹgbẹ́ àti Ayẹyẹ” ni ó wà, nítorí pé orúkọ ẹgbẹ́ wa ni ẹni tí ó gba lẹ́tà náà kọ́kọ́ rí lórí rẹ̀, ọ̀gá sì ti kọ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ pé “a kí wọn kú oríire”.

Ó ku ohun kan. Àwọn tí ó fẹ́ kí á dá owó jọ ra páìpù kò tíì fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ṣé kí á gbà fún wọn?

Bàbá Fẹ̀yìntì

“A kí wọn kú oríire” náà kò yà mí lẹ́nu, mo mọ irú ọ̀sán tí wọ́n kọ ọ́.

Ẹ má ṣe ra páìpù kí ẹnjiníà tó wọn ibẹ̀. Bí ẹ bá fi páìpù tí kò gba omi tó síbẹ̀, ilé àwọn tí ó wà lápá òkè ni àgbàrá yóò padà wọ̀, ẹ̀yin ni wọn yóò sì pè lẹ́jọ́, kì í ṣe ìjọba ìbílẹ̀. Kọ́fáàtì tí ó wó yẹn, bí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ẹ ó rí i pé ọ̀rá àti ike ni ó dí ẹnu rẹ̀, tí omi fi lọ wá ọ̀nà gba abẹ́. Ohun tí owó yín lè ṣe láìsí àṣẹ ni kíkó ìdọ̀tí inú gọ́tà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí òjò tó dé. Bí ẹ bá sì fẹ́ dá owó ju ìyẹn lọ, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà tuntun pé àdúgbò yóò gbé iyanrìn àti òkúta sílẹ̀ bí ìjọba ìbílẹ̀ bá gbé ẹnjiníà, irin àti sìmẹ́ǹtì wá. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ń tètè gbéra lórí tábìlì, nítorí pé ó dín iye tí ẹnjiníà yóò kọ kù.

Ní ti lẹ́tà àkọ́kọ́, ẹ má sọ pé kí wọ́n dá a padà fún yín. Ẹ ní kí ọmọbìnrin náà gbé e kúrò nínú fáìlì ayẹyẹ sí ti iṣẹ́ òde, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé ńlá pé òun ti gbé e, kí ẹ sì fi nọ́ńbà àtijọ́ náà sí orí lẹ́tà tuntun. Ọjọ́ tí ó wà lórí rẹ̀ ni ẹ nílò.